Ẹ Wo Ìdí Kóńgò: Yíyẹ Ètò Kọ̀ǹpútà Ilé-Ẹ̀kọ́ Wò



Bí ìyàwó ilé kan ní Ọ̀bà-Àkókó bá fẹ́ ra gàrí, kì í kàn san owó kí ó sì máa lọ. Yóò kọ́kọ́ gba kóńgò lọ́wọ́ ìyá olójà, yóò yí i padà, yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Kò sọ pé olè ni ìyá náà. Ohun tí ó mọ̀ ni pé bí òṣùwọ̀n bá lábùkù, ẹni tí ó ń wọn ọjà lè jẹ́ olóòótọ́, síbẹ̀ kí gàrí má pé.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni mo bá wá lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti gàrí. Ètò kọ̀ǹpútà, èyí tí a ń pè ní sọ́fítíwíà, ni mo ní lọ́kàn: èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ṣírò máàkì, tí ó fi ń tọ́jú orúkọ ọmọ, tí ó sì fi ń ṣe ìdánwò. Ọmọ ènìyàn ni a ń fi í wọ̀n. Ta ni nínú wa ni ó ti wo ìdí rẹ̀ rí?

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo kàn ń dẹ́rù bà yín, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àjọ JAMB, tí ó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. Ọdún 2013 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò. Láti ọdún 2015 ni ó sì ti pa ti orí ìwé tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2025, èsì jáde. Nínú àwọn tí ó lé ní 1,900,000, àwọn tí ó lé ní 1,500,000 ni kò gba tó 200 nínú 400. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ. Àwọn mìíràn ní àmì pé a ti ń ṣẹ́gun màgòmágó ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ń pọ̀ sí i, àjọ náà sì pe àwọn onímọ̀ láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá àgbà rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jẹ́wọ́ ní gbangba pé àṣìṣe wà. Ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún.

Kí ni ó fà á? Àjọ náà yí ọ̀nà tí ó ń gbà to ìdáhùn àti ọ̀nà tí ó ń gbà máàkì rẹ̀ padà, ó sì ṣe àtúnṣe sí ètò kọ̀ǹpútà kí ó lè bá a mu. Ṣùgbọ́n àtúnṣe yìí kò dé orí àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tí ó ń bójú tó Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ 5 ti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Ọmọ lè dáhùn dáadáa kí ẹ̀rọ má sì mọ̀ pé ó gbà á. Ibùdó 157 ni ọ̀ràn náà kàn, 65 ní Èkó, 92 ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Àwọn ibùdó ìpínlẹ̀ Òǹdó kò sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ilé mélòó ní Àkókó ni kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Èkó?

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó tú àṣírí ara rẹ̀. Ẹnu àwọn ọmọ àti òbí tí wọ́n ní, "Èyí kò jọ iṣẹ́ ọwọ́ wa," ni, àti etí àwọn tí ó gbọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fà á wá sílé. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀bà-Àkókó fẹ́ ra ètò tí yóò máa ṣírò èsì ìdánwò. Kí ni kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣe?

Èkínní, kí ó mú máàkì kíláàsì kan tí olùkọ́ ti fi ọwọ́ ṣírò parí, kí ó fi í fún ẹ̀rọ. Kí ó fi ọmọ méjì tí orúkọ wọn bára mu sí i, àti ọmọ tí àìsàn kò jẹ́ kí ó ṣe ìdánwò kan. Ṣé ẹ̀rọ yóò mọ̀ pé ẹni tí kò wá yàtọ̀ sí ẹni tí ó gba òdo?

Èkejì, kí ó pa iná nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá mọ iná mọ̀nàmọ́ná wa mọ ìdí rẹ̀. Ṣé máàkì tí a ti kọ ṣì wà?

Ẹ̀kẹta, kí ó béèrè pé ta ni ó lè yí máàkì padà, ṣé orúkọ ẹni tí ó yí i yóò sì hàn. Òfin ààbò ìsọfúnni tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kí a sì tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá fẹ́ fi ètò náà sílẹ̀ lọ́la, ṣé a lè kó àkọsílẹ̀ wa jáde?

Ẹnìkan lè ní olùkọ́ náà a máa ṣìṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe olùkọ́ tí ó ti rẹ̀ lè má kọjá ọmọ kan. Ti ẹ̀rọ a máa kan gbogbo àwọn tí ó bá wọ abẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó tún burú ni pé a máa ń fura sí ènìyàn, ṣùgbọ́n a kì í fura sí ẹ̀rọ.

Nítorí náà, àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ti ọjọ́ tí a rà á nìkan. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún ètò náà ṣe ni kí a tún un yẹ̀ wò, ní gbogbo ibi tí a ti ń lò ó. Kí ìwé máàkì olùkọ́ má sì kúrò nínú àpótí.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá tọ̀ yín wá pé èsì òun kò yé òun, ẹ má ṣe dá a lóhùn pé, "Kọ̀ǹpútà ni ó sọ bẹ́ẹ̀." Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a jọ yí kóńgò padà, kí a wo ìdí rẹ̀.