Ẹ Kọ Ibi Tí Wọ́n Ti Pọn Omi: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde ní Ìbàfò

 

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń lọ, ọ̀rọ̀ kànga ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tó bá gbé Ìbàfò, Mówè tàbí Ìfọ̀ mọ bí ilé ṣe ń sún mọ́ ilé: kànga eléyìí fẹ̀gbẹ́ kan ṣalángá tonítọ̀hún, òjò á dé, omi méjèèjì á dà pọ̀. Ibẹ̀ ni àrùn onígbáméjì ti ń rí ọ̀nà. Ní ọdún 2021, ó pa ènìyàn tó ju 3,500 lọ ní Nàìjíríà. Ní 2024 ó tún jà ní Èkó, ó sì dé ìpínlẹ̀ Ògùn wa.

Síbẹ̀, Vibrio cholerae, bakitéríà tó ń fa onígbáméjì, pọ̀ lọ jàra nínú ọ̀sà àti odò, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì dá àjàkálẹ̀ kankan sílẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ ju 200 lọ. O1 àti O139 nìkan nínú wọn ló tíì dá àjàkálẹ̀ ńlá sílẹ̀. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ìwà wọn ló yàtọ̀. Ní 1996, Matthew Waldor àti John Mekalanos ní Amẹ́ríkà fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì kan ló ń gbé jíìnì oró tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru náà wọ inú bakitéríà. Irun tín-ín-rín tí bakitéríà yìí fi ń ṣùpọ̀ nínú ìfun wa ni fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún ń dì mú kó tó ráyè wọlé. Ó ń yà mí lẹ́nu títí dòní: bakitéríà tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú omi lè gba ohun ìjà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, kó sì di apànìyàn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní 2011. Bakitéríà E. coli O104:H4, tí àwọn ènìyàn kó lára irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tí wọ́n ń jẹ ní tútù, mú ènìyàn tó lé ní 3,800, ó sì pa àwọn tó lé ní 50. Nígbà tí wọ́n ka DNA rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn E. coli tí ń ṣùpọ̀ mọ́ ìfun ni, irú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣèwádìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fáírọ́ọ̀sì ló wá gbé oró tí wọ́n ń pè ní Shiga fún un. Nítorí náà, n kò fara mọ́ ọn rárá kí ẹnikẹ́ni máa pe ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé ní àìsàn kékeré tí kò yẹ ní yíyẹ̀wò.

Báwo la ṣe ń dá jíìnì tó ń sọ bakitéríà di apànìyàn mọ̀? A óò ka DNA ọ̀pọ̀ bakitéríà, ká wá ohun tó wà lára àwọn tó dá àjàkálẹ̀ sílẹ̀, tí kò sí lára àwọn yòókù. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó mú akẹ́kọ̀ọ́ yege, tí ẹ sì bi àwọn tó yege nìkan, wọ́n lè sọ pé gbogbo àwọn ló ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀. Ẹ ò ní mọ̀ pé àwọn tó fìdí rẹmi náà mu ún. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ aláìsàn nìkan là ń gbà, àṣìṣe kan náà ni. A nílò ti ọmọ tí ara rẹ̀ le, a nílò omi kànga tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, jíìnì mìíràn kàn ń bá ìran bakitéríà kan rìn ni, kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú àjàkálẹ̀. Àfi ká yọ jíìnì náà kúrò lára bakitéríà ní láàbù, ká wò ó bóyá bakitéríà ọ̀hún ṣì lè ṣe bó ti ń ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń ṣe irú ìwádìí yìí. Redeemer's University, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 ní Kámpù ìjọ Ridíìmù tó wà lọ́nà Mówè níbí kó tó kó lọ sí Ẹdẹ, ló ni ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka àbùdá kòrónà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, láti ara àlejò tó wá sí Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀. Fáírọ́ọ̀sì nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ kan náà ń ka bakitéríà. Ìwádìí tó jáde ní 2017 fi DNA hàn pé, láti 1970, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ìran onígbáméjì kan ṣoṣo ti ti Éṣíà wọ Áfíríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ láàbù tó tọ́jú bakitéríà ọdún pípẹ́, tí wọ́n kọ ọjọ́ àti ìlú sí i lára, ló jẹ́ ká mọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Bí aláìsàn onígbẹ́ gbuuru bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ gba ìgbẹ́ rẹ̀ kó tó lo oògùn apakòkòrò. Ẹ fi sínú Cary-Blair, èròjà tí a fi ń gbé ìgbẹ́ lọ sí láàbù, ẹ má gbé e sínú yìnyín, nítorí Vibrio kì í fẹ́ òtútù. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ àdúgbò, ẹ kọ kànga tàbí bohóòlù tí wọ́n ti pọn omi. Ẹ má dúró de èsì DNA kí ẹ tó fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí, ìbáà ṣe Ọbáfẹ́mi-Owódé tàbí Ìfọ̀, kí ẹ sì sọ fún ará ilé náà kí wọ́n máa se omi wọn. Ẹni tó bá ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn nínú yín, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀.