Bí Ọmọ Bá Ń Gbọ̀n Nígbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti ilé wá tẹ̀dó sí orí òkè Jos mọ̀ pé ọyẹ́ ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìbàdàn. Síbẹ̀, nínú òtútù yìí ni àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí wọ́n sì ń kọrin Kérésìmesì kiri àdúgbò.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọmọ tí àtọ̀gbẹ ń bá jà láàárín wọn. Àtọ̀gbẹ ọmọdé kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àbíkú. Ara ọmọ náà ni kò lè pèsè ínsúlìn mọ́. Kí ọdún 1922 tó dé, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni a fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ ínsúlìn ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà; ó sì lo ọdún 13 sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí àdúrà dá abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n ínsúlìn a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Eré sísá a máa fà á wálẹ̀. Gbígbọ̀n inú òtútù pàápàá a máa lò ó tán. Ibí ni ewu wà: ọmọ tí òtútù mú ń gbọ̀n, ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ náà ń gbọ̀n. Súwẹ́tà ni a óò sáré lọ mú wá, nígbà tí ó jẹ́ pé ṣúgà ni ẹ̀mí rẹ̀ ń fẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí ni kí a ṣe? Kí a wọ aṣọ tí ó nípọn fún un. Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó ṣeré, láàárín eré, lẹ́yìn eré, àti kí ó tó sùn, nítorí ṣúgà lè já wálẹ̀ lóru lẹ́yìn eré ọ̀sán. Bí ìka rẹ̀ bá tutù, kí a fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, kí a nù ún gbẹ, kí a tó gún un. Bí ẹ̀rọ bá fi ohun tí kò tó 70 hàn, tàbí 3.9 lórí irú ẹ̀rọ kejì, kí eré dúró. Kí a po ṣúgà ṣíbí tíì 3 sínú omi fún un, tàbí ìwọ̀n tí dókítà rẹ̀ bá pa láṣẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí a tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì gòkè, kí a tún fún un. Bí ẹ̀rọ kò bá sí nítòsí, kí a kọ́kọ́ fún un ní ṣúgà. Bí ó bá ti dákú, kí a má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

A mọ̀ pé àwọn òbí mìíràn ń bo àìsàn yìí mọ́lẹ̀, kí ayé má baà pe ọmọ wọn ní olókùnrùn, pàápàá ọmọbìnrin tí yóò relé ọkọ lọ́la. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á là lórí pápá bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀? Kí a má ṣe tì í mọ́lé. Kí a sọ fún olùkọ́ rẹ̀, fún katikíìsì, àti fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.

Nígbà tí Olúwa wa jí ọmọbìnrin Jáírù dìde, Ó pàṣẹ kí wọ́n fún un ní oúnjẹ. Iṣẹ́ ìyanu náà kò mú kí Ó gbàgbé ikùn ọmọ. Kí àwa náà má ṣe gbàgbé.

Kí Màríà Wúndíá bá wa tọ́jú wọn. Àmín.