KÍ ỌKÀN SÁRÉ KÍ ẸSẸ̀ TÓ SÁRÉ
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn olùkọ́ eré ìdárayá Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sọ

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò gba owó, kò sì gba pápá tí a gé koríko rẹ̀. Òun ni bí olùkọ́ ṣe lè mú kí eléré fi ojú inú wo ohun tí yóò ṣe, kí ó tó ṣe é.

Kì í ṣe ohun àjèjì ni mo ń wí. Ẹ wo ọmọ tí ń kọ́ ìlù: bí kò bá sí ìlù lọ́rùn rẹ̀, a máa fi ọwọ́ lu itan, a sì máa fi ẹnu pe ohùn ìlù náà. Ẹ wo ọ̀tayò: kí ó tó kó ọmọ ayò nílẹ̀, ojú inú rẹ̀ ti ta á dé ibi tí yóò ti jẹ. Àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ wọn ọ̀ràn yìí wò. Ní nǹkan bí ọdún 1930, Edmund Jacobson ará Amẹ́ríkà rí i pé bí ènìyàn bá rò ó pé òun ń ká apá òun, iṣan apá náà a máa jí díẹ̀, bí apá kò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Ní 1983, Deborah Feltz àti Daniel Landers kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé fífi ọkàn ṣe ìdánrawò sàn ju àìṣe ohunkóhun lọ. Ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò fífi ara ṣe é. Ọ̀lẹ tí ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, tí ó ń lá àlá ife-ẹ̀yẹ, àlá lásán ni ó ń lá.

Ẹ jẹ́ kí a wo Michael Phelps, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà. Olùkọ́ rẹ̀, Bob Bowman, kọ́ ọ láti máa fi ojú inú wo eré rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní alẹ́ àti ní òwúrọ̀. Kì í ṣe ìṣẹ́gun nìkan ni ó ń wò. Ó ń wo ìjàǹbá pẹ̀lú. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Beijing ní 2008, nínú eré 200 mítà tí a ń fi apá méjèèjì fò bí labalábá, omi wọ inú awò ojú rẹ̀. Kò rí ògiri mọ́. Ó ń ka iye ìgbà tí ó fi apá fa omi, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ògiri. Ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52.03 ni ó lò. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó wẹ̀ ẹ́ yára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe ṣe é níhìn-ín? Ẹ mú eré fífo igi 100 mítà ti àwọn obìnrin, èyí tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá ní Eugene, Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2022, tí ó fi borí 12.20 tí Kendra Harrison sá ní 2016. Igi mẹ́wàá ni, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sì ni láàrin igi kan sí èkejì. Ẹ má sọ fún ọmọ pé, “Rò ó pé o gba ipò kìíní.” Ìyẹn kò kọ́ ẹsẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ ní kí ó wọ bàtà eré rẹ̀, kí ó dúró lẹ́sẹ̀ ìlà gan-an, kí ó di ojú, kí ó ka ìṣísẹ̀, kí ó mọ bí ilẹ̀ ti rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 18 sá eré náà, kí àwòrán inú rẹ̀ gba 18. Kí ó pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó parí, kí ẹ fi aago wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ń rí ara rẹ̀ tí ó ń ṣubú, kí ó padà sí igi tí ó gbé e ṣubú, kí ó fò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ìṣubú yìí. Ojú inú kì í yan ohun tí yóò rí. Gbogbo wa mọ̀ pé aáwọ̀ ilẹ̀ da àárín àwọn ìlú wa rú, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní 2025. (Ìrẹ́pọ̀dùn sì ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú jẹ́ olú-ìlú rẹ̀!) Bí ọmọ Ìlobùú àti ọmọ Ìfọ́n bá dúró lẹ́sẹ̀ ìlà kan náà, tí a wá yin ìbọn ìbẹ̀rẹ̀, kí ni ọkàn àwọn méjèèjì yóò kọ́kọ́ rí? Nítorí náà, fèrè ni kí a máa fi bẹ̀rẹ̀ eré láàrin àwọn ìlú wọ̀nyí, kí a fi ìbọn sílẹ̀ ná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọmọ ìlú kejì sínú àwòrán náà. Kí ọmọ tiyín rí i ní ìlà kejì, kí ó gbọ́ mímí rẹ̀, kí ó rí òógùn lójú rẹ̀, kí ó sáré bá a dé òpin, kí ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá kọ̀ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nínú ọkàn rẹ̀, ẹ má nà án. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó, lẹ́yìn ìdánrawò, nígbà tí ara ṣì gbóná. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.