Hóró Dúdú Inú Ẹ̀rọ Omi

Ọ̀rọ̀ omi ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹni tí ń mu omi. Ti ẹni tí ń sọ omi di mímọ́ ni.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń rọ omi sínú ìgò ní ń fi gáàsì ósóònù pa kòkòrò àrùn. Ọ́síjìn tí à ń mí sínú ní átọ́ọ̀mù 2. Ósóònù ní 3, ẹ̀kẹta yìí kò sì fìdí múlẹ̀ rárá. Ohun tí ó bá kọ́kọ́ kàn ni yóò dì mọ́, tí yóò sì jó o bí iná. Ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé ti ń fi í tọ́jú omi mímu láti ọdún 1906. Nígbà tí kòkòrò Cryptosporidium wọ inú omi ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993, tí ó dá ènìyàn tí ó lé ní 400,000 ní àìsàn, kílórínì kò rí i pa. Ósóònù ni ìlú náà gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọdún 1998.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń pa kòkòrò kò mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe kòkòrò. Ósóònù a máa ta ojú, a máa mú ni wúkọ́, a máa há ni láyà. Bí ó bá sì pọ̀, a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ó ju ìdá 1 nínú 10,000,000 afẹ́fẹ́ lọ níbi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8. Imú a máa gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ó tó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí yóò fi mọ́ imú lára, tí a kò sì ní gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ òun kò tíì lọ. Mo ti gbọ́ tí ọ̀gá kan ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé òórùn náà ni ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí pé ó ń jò ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo nìyí. Kì í ṣe gbogbo ósóònù tí a fẹ́ sínú omi ni omi ń gbà. Èyí tí ó ṣẹ́kù a gòkè wá sí orí àgbá, a sì gba inú páìpù jáde. Ní ẹnu páìpù yìí ni àpótí kan wà, tí ó kún fún hóró dúdú kéékèèké: manganísì àti bàbà tí ọ́síjìn ti wọ̀. Irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ìpẹtà ara àdá, irin tí ọ́síjìn wọ̀ ni. Manganísì irú èyí wà nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń wa òkúta rẹ̀ ní Nsuta, ní ilẹ̀ Gánà. Bí ósóònù bá kan hóró wọ̀nyí, ó di ọ́síjìn lásán. Catalyst ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ jẹ́ kí àwa pè é ní amúṣẹ́yá. Ó dà bí káún nínú ìkòkò ẹ̀wà, àfi pé káún a máa yọ́, amúṣẹ́yá kì í yọ́. (A tún lè kó irú rẹ̀ sínú omi gan-an, bí omi aró ilé iṣẹ́ aṣọ, kí ósóònù lè fọ́ ohun tí òun nìkan kò rí fọ́, ṣùgbọ́n ti inú àpótí ni ó kan èémí wa.)

Kì í yọ́, ṣùgbọ́n ó lè kú. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń mú gáàsì gbóná díẹ̀ kí ó tó wọ ibẹ̀. Bí ohun tí ń mú un gbóná bá bàjẹ́, tí omi sì bo hóró wọ̀nyí, ósóònù yóò máa kọjá bí ẹni pé kò sí aṣọ́nà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó burú jù: omi inú ìgò kò ní yàtọ̀. Yóò mọ́, oníbàárà kò ní kùn, èrè kò ní dín. Àyà ẹni tí ó dúró ti ẹ̀rọ nìkan ni yóò mọ̀. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò bá béèrè, ta ni yóò ra hóró tuntun?

Ẹ béèrè ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, kí ó sì wà ní àkọsílẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀rọ tí ń wọn ósóònù nínú afẹ́fẹ́. Kí wọ́n má ṣe gbé e sí òkè àjà, nítorí gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ké, ẹ jáde. Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn 155 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ní ọdún 1994. Abala 13 rẹ̀ dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ó ní ìdí tí ó tọ́ láti gbà pé ewu ńlá ti dé tán. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe èyí ní àìgbọràn.

Ó ku ti àwọn tí ń pààrọ̀ hóró náà. Ní ọdún 1837, dókítà John Couper ní Glasgow kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ manganísì kúnná: ẹsẹ̀ wọn kò lágbára mọ́, wọ́n ń tẹ̀ síwájú bí wọ́n bá ń rìn, ohùn wọn sì rẹlẹ̀. Eruku ni wọ́n fà símú. Ti inú àpótí ẹ̀rọ omi kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n hóró tí ó ti gbó a máa rún. Ẹni tí yóò kó o jáde gbọ́dọ̀ ní ìbomú tí eruku kò lè gbà kọjá, kì í ṣe àkísà tí a wé mọ́ imú. A sì gbọ́dọ̀ ti pa ẹ̀rọ, kí a ti fẹ́ ósóònù inú rẹ̀ dànù, kí ọwọ́ tó kan àpótí. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ inú ìwé àdéhùn tí ẹ ó tún bá agbanisíṣẹ́ yín ṣe.