Ìnáwó Orí Iná ní Ilé Iṣẹ́ Wa



Ní Bàrígà àti Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé, bí iná mànàmáná bá lọ, iṣẹ́ a dúró. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ó ń wù wá, nítorí kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a rà á kọ́ ni ìnáwó rẹ̀ parí. Èyí tí ó bá ń mu epo lítà 4 lójúmọ́ yóò mu lítà 104 ní ọjọ́ iṣẹ́ 26. Kí Ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, èyí kò tó ₦21,000 lóṣù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí lítà kan fi kọjá ₦500, tí ìnáwó náà sì ju ₦52,000 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ₦30,000 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ nínú òfin nígbà náà. Epo ń gba ju owó òṣìṣẹ́ kan lọ!

Oòrùn kì í béèrè owó epo. Lóòótọ́, pátákó agboòrùn àti bátìrì wọ́n, bátìrì a sì máa gbó. Nítorí náà a dámọ̀ràn pé kí gílóòbù, fáànù àti kọ̀ǹpútà máa lo oòrùn. Kí a fi jẹnẹrétọ̀ tí agbára rẹ̀ tó sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a, kí ó bá aládùúgbò rẹ̀ dá èsúsú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.