Ẹni Tí Kò Níyàá Nínú Ìlú



Ní 1996, John Pemberton àti Fúnṣọ́ Afọláyan tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ipò ọba nílẹ̀ Yorùbá. Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọdún láàfin Ọ̀ràngún, yóò rí i kà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá fẹ́ mọ iye tí káńsù Ìlá ná sórí gọ́tà lọ́dún 1996 yẹn kan náà ńkọ́? Níbo ni yóò ti kà á?

Ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí ni mo bá wá. Akọ̀ròyìn Èkó kì í sábà dé Ìlá, Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀rà, àfi bí gómìnà bá ń bọ̀ tàbí tí èèyàn ńlá bá kú. Iṣẹ́ tó ṣẹ́kù ńlẹ̀ fún ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ́ dá dúró láàrin Ìgbómìnà Ọ̀ṣun nìyẹn.

Nígbà tí Henry Townsend, ajíhìnrere, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní December 1859, àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ló dárúkọ mọ́ ọn lórí. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Ará Abẹ́òkúta tó bá rà á, tí ohun tó kà kò sì dá a lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa fi lọ wò ó. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlá tó ń ka ìròyìn ilé lórí fóònù, Ìbàdàn ló wà, tàbí Lọ́ńdọ̀n. Kò lè yọjú wo gọ́tà. Òun náà ló sì ń sanwó ìkíni ọjọ́ ìbí, ìwúyè àti òkú àgbà. Ohun tó bá dùn létí ẹni tó wà lájò ni àwọn ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kọ. (Mi ò ní kí wọ́n má gbowó ìkíni o. Òun ló ń ra dátà.)

Mo bá akọ̀ròyìn kan, ọmọdé ṣì ni, rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní ìlú rẹ̀. Ríbọ́nì tí wọ́n fi ṣí i ṣì so mọ́ irin. Ó yí ẹnu ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ìyá kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ní, "Ọjọ́ tí wọ́n wá ya fọ́tò la rí omi ibẹ̀ mọ." Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀. A ò tíì dé ọ̀nà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni: "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gba iṣẹ́ omi yẹn o. Ṣé ìwọ ni wàá tú aṣọ lára wa?"

Ọlọ́pàá kọ́ ló pa ìròyìn yẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìwé ìròyìn agbègbè ju ti ìlú kan ṣoṣo lọ. Kí ọmọ Ọ̀rà lọ ka owó káńsù ní Ìlá, kí ọmọ Ìlá lọ yí ẹnu ẹ̀rọ ní Òkè-Ìlá. Ẹni tí kò níyàá nínú ìlú kò ní gba irú ìpè bẹ́ẹ̀. Òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀: òfin 2011 tó jẹ́ kí ará ìlú lè béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba fún iléeṣẹ́ ọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ ọ́ gbangba ní 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ yìí kan náà ti sọ ní July 2024 pé tààrà ni kí owó káńsù máa dé ọwọ́ káńsù.

Èmi àti ọmọ náà jókòó kọ lẹ́tà sí káńsù wọn, ojú ìwé kan péré: èló ni omi náà, ta ló gbà á, ìgbà wo ni wọ́n sanwó tán? Nígbà tó kan ká buwọ́ lù ú, ó ti bébà náà sọ́dọ̀ mi.

"Bàbá, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ ìlú yìí."

Mo fọwọ́ sí i.