Ẹni tó kúrò nípò ìjọba, kó dúró ọdún mẹ́ta kó tó di alágbàsọ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹgbẹ́

    

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìjọba rere. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ jù fún mi, ẹ̀ka kan ṣoṣo ni màá mú nínú rẹ̀. Ẹni kan fi ipò ìjọba sílẹ̀ lónìí. Lọ́la, a tún rí i ní biró kan náà, ó ti ń gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíì láti bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó ń pè é ní lobbyiste. Èmi á pè é ní alágbàsọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ olówó ló gbà sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara mi, torí ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Nígbà tí mo gba retraite, kò tíì pé oṣù méjì tí ọkùnrin kan tó ń gba iṣẹ́ ìjọba ṣe fi wá bá mi nílé. Ó ní dossier òun ti pẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti kúrò, pé kí n ṣáà bá òun débẹ̀, kí n kàn lọ kí wọn. Ó gbé àpò ìwé kan sórí tábìlì. Mo bá a lọ. Bí mo ṣe wọlé, gbogbo àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ dìde: "Bàbá, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ jókòó." Mi ò tíì sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ tí wọ́n fi fa dossier ọkùnrin náà yọ láti ìsàlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Bí mo ṣe ń jáde, mo rí ìyá kan lórí bẹ́ǹṣì. Mo mọ̀ ọ́n. Owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ tó kú ló ń wá, ó sì ti ń wá a kí n tó kúrò níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe rí mi. Ó ní: "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ni?" Mo ní rárá o, mo kàn wá kí wọn ni. Mo sì bá tèmi lọ.

Owó ọkùnrin yẹn, páànù ni mo fi rà sórí ilé. Bí òjò bá ń rọ̀ lé e, ìyá yẹn ni mo máa ń rántí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo tà fún ọkùnrin yẹn? Kì í ṣe ọgbọ́n. Kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ òfin kankan. Ohun tí mo tà fún un ni bí àwọn ọmọ yẹn ṣe dìde. Ìlú ló fi mí síbẹ̀ tí wọ́n fi mọ̀ mí, owó orí irú ìyá yẹn sì ni wọ́n fi san owó oṣù mi. Ohun ìlú ni mo tà, èmi nìkan ni mo jẹ owó rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá kúrò, ilé-iṣẹ́ báyìí ló máa gba òun, báwo ló ṣe máa bá ilé-iṣẹ́ náà wí nígbà tó ṣì wà lórí àga? Kò tíì kúrò tó ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí wà. Àwọn Faransé tó kọ́ wa ní ìwé ní orúkọ fún un: pantouflage. Pantoufle ni bàtà pẹlẹbẹ tí èèyàn ń wọ̀ nínú ilé, bí ẹni pé ẹni náà lọ sinmi níbi tó rọ̀ṣọ̀mù. Ṣùgbọ́n òfin wọn kò fi ṣeré. Abala 432-13 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wọn sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó ti ń bójú tó tàbí tó bá ṣe àdéhùn, àfi lẹ́yìn ọdún 3. Ẹni tó bá rú u lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3, kó sì san 200,000 yúrò. Nínú owó sefa tiwa, ó lé ní mílíọ̀nù 131. Ní ọdún 2013, wọ́n tún dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń ṣọ́ ìwà àwọn olóṣèlú àti ohun ìní wọn.

José Manuel Barroso jẹ́ olórí Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù láti 2004 di 2014. Ní 2016, báǹkì Goldman Sachs gbà á síṣẹ́. Òfin ìgbà yẹn ní kó dúró oṣù 18, oṣù náà sì ti kọjá. Síbẹ̀ ariwo ta. Ní 2018, wọ́n sọ ọ́ di ọdún 2 fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà, àti ọdún 3 fún olórí wọn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kúrò ní Sẹ́nétọ̀ gbọ́dọ̀ dúró ọdún 2 kó tó lè padà wá ṣe alágbàsọ níbẹ̀. Ní Kánádà, ọdún 5 ni fún àwọn mínísítà.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Òfin ìpilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí a ṣe ní 1990 sọ̀rọ̀ rere ní abala 52. Ó ní nígbà tí Ààrẹ àti àwọn mínísítà bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò gbọdọ̀ dá sí iṣẹ́ tí ìjọba ń gbé jáde. Ó ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun ìní wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wọlé àti nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n lè gbà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n kúrò, abala náà kò mẹ́nu kàn án. Bẹ́ẹ̀ sì ni àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìwà ìbàjẹ́, ti ọdún 2003, tí orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí, sọ ní abala 12 pé ó yẹ kí ààlà wà, fún ìgbà tó bójú mu, lórí iṣẹ́ tí ẹni tó kúrò nípò ìjọba lè ṣe.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi máa sọ: "Ṣé o fẹ́ kí ebi pa wá ni? Retraite kò tó nǹkan." Òótọ́ ni, kò tó. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́. Ẹ dáko, ẹ kọ́ ọmọ, ẹ ṣòwò, ẹ gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn. Ohun tí mo ní kí ẹ má ṣe ni pé kí ẹ gbowó lọ bá biró tí ẹ ti kúrò sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíì á ní: "Tí ìlú bá rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Kútọnu nítorí ọ̀nà tàbí omi ńkọ́?" Ìyẹn yàtọ̀. Ìlú ló rán an, gbogbo ayé mọ̀, kò sì gba nǹkan kan. Kó lọ, Ọlọ́run á ràn án lọ́wọ́.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ fún.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí àwọn député wa, kí wọ́n sọ ọ́ di òfin tó ṣe kedere: mínísítà, préfet, maire àti olórí ilé-iṣẹ́ ìjọba, ọdún mẹ́ta gbáko ni kí wọ́n dúró kí wọ́n tó lè gbowó lọ bá ibi tí wọ́n ti kúrò sọ̀rọ̀.

Èkejì, ká má dúró de Kútọnu. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ká kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa pé ẹni tó bá ń ṣe alágbàsọ olówó kò lè jẹ́ aṣojú wa níwájú ìjọba.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin Kábíyèsí àti ẹ̀yin baálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí àwọn kan bá fẹ́ ilẹ̀ wa, wọn kì í dá wá. Ẹni tí a ti mọ̀ nípò ni wọ́n ń mú síwájú, kí ojú lè máa tì wá láti sọ pé rárá. Tí irú wọn bá dé ààfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta níwájú àwọn ìjòyè: Ta ló rán ọ? Èló ló fẹ́ fún ọ? Ìgbà wo lo kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Ẹni tó bá wá ní òtítọ́ kò ní bínú.

Èmi ò lè dá páànù mi padà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tún gbé àpò ìwé sórí tábìlì mi mọ́, torí mo ti sọ fún gbogbo wọn pé mi ò lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe fún àwọn tó ṣì jókòó lórí bẹ́ǹṣì.